Bí A Ti Í Yan Ọ̀pá Ìwọ̀: Ọparun àti Fáíbà

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn oníṣòwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gangan-n-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ igi gan-an ni ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lé lórí, òkèèrè ni mo sì fẹ́ kí a ti wò ó, kí ó tó dé ojú àpò ẹgbẹ́.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú wa mú àbá wá. Wọ́n ní kí a fi owó ẹgbẹ́ ra ọ̀pá fáíbà lásán ní ọ̀pọ̀, kí àwọn máa fi ìdìmú àti òrùka sí i, kí a wá máa tà á fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní ọparun kún etí odò wa, kí la fẹ́ fi fáíbà ṣe? Ariwo pọ̀, a kò parí ọ̀rọ̀ náà. Alága wá ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sínú ìwé yìí kí a tó tún pàdé, nítorí ó mọ̀ pé mo ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

N kò ní fi bò fún yín. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ọ̀pá fáíbà lásán 40 lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ìlú ńlá. Ọ̀pá náà dán gbinrin, ó pupa, ó wu ojú. Mo fi ọwọ́ pa á, mo ní ó dára, mo sanwó, mo dì í, mo gbé e wálé. N kò tẹ ẹyọ kan wò. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í di òrùka mọ́ ọn, 4 ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. 7 ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó rà á, wọ́n sì dá a padà tèébú-tèébú. 11 lọ nínú 40 nìyẹn, ó ku 29.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Owó 40 ni 29 tó kù gbọ́dọ̀ mú wọlé. Bí a bá ní 100 náírà ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò gbọdọ̀ tà á ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 138 náírà kí n tó rí owó mi gbà padà. Èmi kò tíì ka owó òrùka, owó ọkọ̀ àti òógùn ojú wa mọ́ ọn o. Gbèsè ni mo fi ọ̀pá dídán rà.

Ẹ̀bi ta ni? Tèmi ni. Ìyá tó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà Bàbáńlá, ṣé kì í fi ìka kàn án kó-kó-kó kó gbọ́ ohùn rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ, ṣé kì í rún un sọ́wọ́ kó wo bí yóò ṣe padà? Kí ló dé tí èmi kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pá? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè; ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó yé wa lóṣù yìí ni pé bí ọ̀pá ìwọ̀ ti ń tẹ̀ àti bí ó ti ń padà ni a fi ń yàn án, kì í ṣe bí ó ti ń dán.

1. IṢẸ́ TÍ Ọ̀PÁ Ń ṢE

Ọ̀pá ìwọ̀ ní iṣẹ́ mẹ́ta. Èkíní, òun ló ń ju ìwọ̀ síbi tí ẹja wà. Èkejì, òun ló ń sọ fún ọwọ́ pé ẹja ti fọwọ́ kan ìdẹ. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹja bá gbé e tán tó ń jà, ọ̀pá ló ń tẹ̀ tó sì ń padà, tó ń gba agbára ẹja sára kí okùn má baà já. Ọ̀pá tó le gbagidi yóò jẹ́ kí àrọ̀ ńlá já okùn lọ. Èyí tó rọ̀ jù kò ní lè ju ìwọ̀ jìnnà, kò sì ní lè fa ẹja jáde nínú koríko. Àárín méjèèjì ni a ń wá.

Irú ìpẹja tí àwa mọ̀ ni pé kí a so okùn mọ́ ṣóńṣó ọparun, kí a fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, kí a sọ ọ́ sódò, kí a máa wò ó. Ìdẹ náà wúwo díẹ̀, òun ló ń fa okùn lọ.

Àwọn òyìnbó ní irú mìíràn, òun gan-an sì ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọ̀pá fáíbà tí à ń sọ yìí fún. Wọn kì í lo ekòló. Ìyẹ́ adìẹ àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ eṣinṣin tàbí kòkòrò orí omi. Ìdẹ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ jù, kò ṣeé jù. Nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó nípọn, kó wúwo. Okùn ni ọ̀pá ń jù, eṣinṣin àtọwọ́dá náà kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹni tó bá ti rí darandaran tó ń ju pàṣán ti rí bó ṣe ń rí: ara pàṣán ló ń lọ, ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀lé e.

Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi máa ń wà lára ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn tó ń ṣe ohun èlò ìpẹja ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n okùn. Wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ nínú okùn. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà 5, ó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 9. Nọ́ńbà 6 tó nǹkan bí gíráàmù 10 àti díẹ̀. Nọ́ńbà 8 sún mọ́ gíráàmù 14. Ọ̀pá nọ́ńbà 5, okùn nọ́ńbà 5 ló yẹ ẹ́. Ẹrù tí ọ̀pá lè gbé ni nọ́ńbà náà ń sọ, kì í sọ gígùn rẹ̀ tàbí ẹwà rẹ̀. A kì í kó ẹrù tírélà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

2. ỌPARUN TI ILÉ WA

Ẹ má jẹ́ ká fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tó wà nílé. Ìran koríko ni ọparun, bí ìrèké àti àgbàdo. Bó bá ti yọ láti ilẹ̀, bó ti sanra tó náà ni yóò wà títí. Kò ní sanra sí i mọ́, líle ló kù tí yóò máa le. Nítorí náà ẹni tó gé ọparun ọmọdún kan nítorí pé ó tóbi ti gé omi lásán.

Ọparun tó bá ti tó ọdún mẹ́ta ni kí ẹ wá. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ṣì máa ń ní èèpo lára, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa dán, ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ a sì wà lábẹ́ oríkèé rẹ̀. Èyí tó gbó ti bọ́ èèpo sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, àbàwọ́n funfun ti wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn àdá kàn án, ohùn rẹ̀ a le, a sì máa dún gangan.

Ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ gé e. Oúnjẹ inú rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, kòkòrò tó ń lu igi kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sá a sí oòrùn, yóò là. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ gbé e kọ́, kí ẹ so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè nà gbọọrọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí tí yóò fi fúyẹ́. Bí ibì kan bá wọ́, ẹ fi ẹyín iná yá oríkèé ibẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gún, kí ẹ wá dì í mú títí yóò fi tutù.

Bí a bá ṣe é báyìí, kò sí ọ̀pá tó dára jù ú lọ fún ẹpìyà inú odò kékeré, owó rẹ̀ kò sì ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí méjì tó jọra, omi àti kòkòrò sì ń jẹ ẹ́ bó bá pẹ́.

3. IBI TÍ FÁÍBÀ TI WÁ

Kí fáíbà tó dé, ọparun náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ọ̀pá wọn tó dára jù. Láti agbègbè Guangdong ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni wọ́n ti ń rà á, Tonkin ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lẹ àlàpà mẹ́fà pọ̀ di ọ̀pá kan. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ Shakespeare ní ìpínlẹ̀ Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pá fáíbà tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Arthur Howald ronú rẹ̀. Wonderod ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó wá di 1950, ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fòfin de òwò pẹ̀lú Ṣáínà. Ọparun Tonkin kò wọlé mọ́. Àwọn tó ń ṣe ọ̀pá yíjú sí fáíbà, ó sì gbòde kan fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pá kábọ̀n dé, tó fúyẹ́ ju fáíbà lọ, ó sì gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáíbà kò kú. Títí dòní wọ́n ṣì ń ṣe é, nítorí ó rọ ọwọ́ lọ́rùn, ó sì lè fara da ìyà ju kábọ̀n lọ. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ òwò ṣe rí: ẹni tó ń ra ọjà lọ́nà kan ṣoṣo, bí ọ̀nà náà bá dí, ó di dandan kó wá òmíràn.

Kí ni fáíbà yìí gan-an? Gíláàsì ni. Wọ́n yọ́ gíláàsì, wọ́n fà á di okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n hun ún bí aṣọ. Wọ́n rẹ aṣọ náà sínú àtè kan tí ń jẹ́ résìn, wọ́n sì wé e mọ́ irin gbọọrọ tó nípọn nídìí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Wọ́n gbé e sínú ààrò kó gbóná, kí àtè náà le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa irin jáde, ó wá ku ọ̀pá tó ṣófo nínú. Wọ́n fi sáńpépà ha ara rẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà. Ọ̀pá lásán nìyẹn: kò ní ìdìmú, kò ní òrùka tí okùn ń gbà kọjá, kò ní ibi tí a ń de kẹ̀kẹ́ okùn mọ́. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní búláǹkì. Irú kan tún wà tí inú rẹ̀ kò ṣófo. Ìyẹn wúwo, kò wọ́n, ọmọdé kò sì lè tètè bà á jẹ́.

Bí àtè kò bá jiná dáadáa, tàbí tí aṣọ gíláàsì náà ká kò, ọ̀dà yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi.

4. ÀYẸ̀WÒ MÉJE KÍ A TÓ SANWÓ

Èkíní: ẹ fi ojú kan ìdí rẹ̀ bí ọdẹ ti ń wo ìbọn, kí ẹ máa yí i. Bó bá wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, kò burú púpọ̀. Bó bá ṣẹ́ igun níbì kan lójijì, ẹ gbé e sílẹ̀.

Èkejì: ẹ gbé e síta gbangba kí ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ wá ibi tó funfun, ibi tó wú bí ìléròrò, ibi tó sán. Ẹ fi ẹ̀gbọ̀n òwú pa á láti òkè délẹ̀. Níbi tí òwú bá há sí, okùn gíláàsì ti já níbẹ̀. Ẹ wo ẹnu ihò rẹ̀ pẹ̀lú: ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà yí ká. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá nípọn tí ìkejì sì rí pẹlẹbẹ bí ewé, kò dára.

Ẹ̀kẹta: ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀pá tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó sì ń rùn bí ọ̀dà tútù, kò tíì jiná.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ọwọ́ di ṣóńṣó rẹ̀ mú kí ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́ èyí tó dára. Ẹ so okùn mọ́ ṣóńṣó, kí ẹnì kan di ìdí mú, kí ẹnì kejì máa fa okùn díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ roboto bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, láìsí igun. Bí apá kan bá tẹ̀ tí apá kan nà gan-an lójijì, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́. Ẹ tẹ́tí: bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ má rà á. Ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá padà sípò rẹ̀ kíákíá tó sì dúró jẹ́ẹ́, ó dára. Bó bá wọ́ síbẹ̀, tàbí tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò dára.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ wọn agbára rẹ̀. Ọ̀nà yìí sún mọ́ èyí tí ará Amẹ́ríkà kan, William Hanneman, fi kọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀pá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà yìí. Ẹyọ owó wọn tó kéré jù ló ń lò, ìṣó kékeré ni àwa yóò lò. Ẹ de ìdí ọ̀pá mọ́ tábìlì kó nà gbọọrọ, kí ẹ so àpò ọ̀rá mọ́ ṣóńṣó, kí ẹ máa ju ìṣó sínú rẹ̀ títí ṣóńṣó yóò fi wálẹ̀ ní ìdá mẹ́ta gígùn ọ̀pá. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ íǹṣì 96, nítorí náà íǹṣì 32 ni kó wálẹ̀. Ẹ wá gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n. Bí ọ̀pá kan bá gba gíráàmù 100, tí èkejì tí wọ́n fi nọ́ńbà kan náà sí wá gba 140, a jẹ́ pé orúkọ ni wọ́n fi bára wọn mu, agbára wọn yàtọ̀. Bí oníbàárà bá ra méjì lọ́wọ́ yín, yóò mọ̀.

Ẹ̀kẹfà: ẹ wá eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí etí aṣọ gíláàsì ti pàdé, ọ̀pá máa ń le ju ẹ̀gbẹ́ yòókù lọ. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé òkè rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa yí i. Yóò fò gìrì bọ́ síbì kan fúnra rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Gbogbo ọ̀pá ló ní in, kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n ìlà àmì yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé nígbà tí ẹ bá ń di òrùka mọ́ ọn, kí ọ̀pá má baà máa yí mọ́ apẹja lọ́wọ́.

Èkeje: bó bá jẹ́ ọlọ́nà méjì, ẹ wo oríkèé rẹ̀. Ẹ kì í bọ inú ara wọn kí ẹ mì wọ́n. Kò gbọdọ̀ dún kọ́-kọ́, kò gbọdọ̀ mì. Nígbà tí ẹ bá fà á yọ, ó yẹ kó dún pọ́, bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìgò. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú oríkèé náà nínú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣẹ́.

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ fún ọ̀pá kan. Bí oníṣòwò bá ní kí ẹ má tẹ ọjà òun wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

5. ÈWO LÓ YẸ FÚN KÍ NI?

Fún ọmọdé àti odò kékeré, ọparun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10 ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ fáíbà fún ọmọdé, ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ kò ṣófo, kí ó kúrú.

Fún ìpẹja oníyẹ́ adìẹ tí mo sọ, fáíbà oníhò tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8, nọ́ńbà 4 sí 6, ló rọrùn. Bí fáíbà bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 9, ó ti ń wúwo lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gígùn, kábọ̀n ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé owó rẹ̀ ga, bí òkúta bá sì lù ú tàbí tí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀.

Fún àrọ̀ ńlá inú adágún àwọn tó ń sin ẹja, fáíbà oníhò tó sanra nídìí, tí okùn tó nípọn yẹ, ni kí ẹ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tó lè má dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn apẹja orí Odò Ọya ní Jẹ́bà àti Pàtígì, àti àwọn tó wà lórí adágún Kainji láti ìgbà tí wọ́n ti sé omi náà ní 1968, àwọ̀n, ìgèrè àti okùn gbọọrọ oníwọ̀ púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹni tó ń fi àwọ̀n kó ẹja kò ní ra ọ̀pá ìwọ̀ nítorí pé ó lẹ́wà. Àwọn tí yóò ra tiwa ni àwọn tó ń pẹja fún ìgbádùn, àwọn ọmọ wa tó bá wálé láti ìlú ńlá, àwọn tó ní adágún ẹja tí wọ́n ń gba àlejò, àti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ bí oníbàárà iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbà kí a fi ọ̀pọ̀ owó bẹ̀rẹ̀.

6. BÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ RÀ Á LÁÌJẸ GBÈSÈ

Ohun tí mo dá lábàá nìyí, kí a jíròrò rẹ̀.

Kí a ra ẹyọ 6 péré lákọ̀ọ́kọ́, láti ọwọ́ oníṣòwò méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ẹni méjì yẹ̀ wọ́n wò, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ẹni tó lọ rà á, nítorí ojú ẹni tó ti nífẹ̀ẹ́ ọjà kì í rí àbùkù rẹ̀. Kí akọ̀wé fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ gíráàmù tó gbà àti ohun tí a rí lára rẹ̀ sínú ìwé. Kí a tà á tán, kí a gbọ́ ohun tí àwọn tó rà á sọ, kí a tó ra ìkejì. Nígbà tó bá wá tó àkókò láti rà púpọ̀, kí a kọ àdéhùn sílẹ̀ pé èyí tó bá kùnà nínú àyẹ̀wò yóò padà, kí a má sì san gbogbo owó tán kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a sì rántí pé owó ọ̀pá lásán kì í ṣe owó ọ̀pá ìwọ̀. Òrùka wà ńbẹ̀: nǹkan bí ọ̀kan fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí a fi ọ̀kan kún un, ìyẹn ni pé ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8 yóò gba 9. Òwú tí a fi ń dì í wà ńbẹ̀, fáníìṣì, àtè, ìdìmú, àti ibi tí kẹ̀kẹ́ okùn yóò jókòó sí. Owó iṣẹ́ àwọn ọmọ wa náà wà ńbẹ̀. Kí akápò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó sọ iye tí a ó tà á. Ẹni tó bá gbàgbé òwú àti fáníìṣì yóò máa tà, yóò máa rẹ́rìn-ín, àpò rẹ̀ yóò sì máa jò.

Ní ti ọparun, kò sí ohun tó ní kí a dúró. Àwọn ọ̀dọ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń di òrùka mọ́ ọparun ti mọ bí a ṣe ń dì í mọ́ fáíbà. Ṣóńṣó tó bá ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, igbó ni a ó padà sí, kì í ṣe àpò ẹgbẹ́.

7. ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWỌN TÍ YÓÒ ṢE É

Eruku fáíbà, gíláàsì ni. Ó ń yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rẹ sáńpépà, kí ẹ lo ìbòmú, kí ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ má ṣe é níbi tí ọmọ ọwọ́ wà. Ayùn irin tí eyín rẹ̀ wẹ́ ni kí ẹ fi gé e, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣẹ́ ẹ.

Ẹ má fi ọ̀pá sílẹ̀ nínú oòrùn lójoojúmọ́. Oòrùn ń jẹ àtè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá rà á pé kó máa wo òkè kó tó gbé ọ̀pá sókè. Wáyà iná ń kọjá lórí odò púpọ̀. Kábọ̀n ń gbé iná mànàmáná. Fáíbà gbígbẹ kì í gbé e, ṣùgbọ́n okùn tútù àti ọ̀pá tí omi ti rẹ kò ṣeé fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Bí òjò bá ń ṣú tí àrá ń sán, kí ó ká okùn rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí ọ̀pá tó le gbagidi fi lè jẹ́ kí okùn já?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ ọparun tó ti gbó yàtọ̀ sí èyí tó ṣì kéré?
3. Bí a bá ra ọ̀pá 20, tí 4 sì ṣẹ́, èló ni a gbọ́dọ̀ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kù fún gbogbo 100 náírà tí a fi ra ẹyọ kan, kí a tó rí owó wa? (Ìdáhùn: 125 náírà.)
4. Àwọn wo ni a mọ̀ ní àdúgbò wa tí wọ́n lè ra ọ̀pá ìwọ̀? Kí olúkúlùkù mú orúkọ tó mọ̀ wá sí ìpàdé, kí a kà wọ́n, kí a má ṣe méfò.
5. Ta ni a ó yàn láti máa yẹ ọjà wò fún ẹgbẹ́?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá pọ̀ tí kò sí èyí tó tẹ ọ̀pá wò, ọwọ́ púpọ̀ náà ni yóò jọ san gbèsè. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú àwọn 11 tó ṣẹ́ nílé. N ó mú un wá sí ìpàdé kí ẹ wo inú ibi tó ti ṣẹ́ fúnra yín. Kí ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré mú un dání. Ó dìgbà náà.